A fẹ́ kí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jọ ilé Yorùbá: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kan ní Ìbàdàn, bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́rin tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Táìlì funfun tó ń dán gbinrin ni gbogbo ilẹ̀, POP alágbékà ni òkè, gíláàsì dúdú ni gbogbo fèrèsé. Ó wù mí kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé ilé Yorùbá lòun wọ̀, àmọ́ n kò fẹ́ kí ó jọ òtẹ́ẹ̀lì, n kò sì fẹ́ kí ó jọ ojúbọ. Ọkọ mi ti ní òun ò fẹ́ ère kankan nínú ilé. Bùrọ̀dá kan tó ń ta nǹkan àtijọ́ wá ní òun ní ilẹ̀kùn ààfin kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí òun lè gbé wá fún wa. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n náwó sí, kí ni mo sì lè fi sílẹ̀ bó ṣe wà?"

Ẹ kú oríire ilé o. Ilé náà á tù yín lára. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ yín, owó kọ́ ni olórí ohun tó ń kọ yín lóminú. Ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ lè kó nǹkan ìbílẹ̀ jọ tán kí ilé náà wá dà bí ìsọ̀, tàbí kí ó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti baálé yín. Ẹ̀rù yẹn tọ́, nítorí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ṣe é gan-an ló ń fà á. Wọ́n á kọ́ ìbòjú gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára ògiri, wọ́n á fi ìlù mẹ́ta sí igun pálọ̀, wọ́n á fi ankárá bo tìmùtìmù, ó tán. Ilé náà fúnra rẹ̀ kò yí padà. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń sun ún, fèrèsé rẹ̀ kò gba atẹ́gùn, àlejò tó bá dé kò ríbi jókòó títí wọn ó fi ṣílẹ̀kùn pálọ̀. Èrò tèmi, tí gbogbo èsì yìí dá lé, ni pé bí ilé ṣe ń gba oòrùn, òjò àti àlejò ló kọ́kọ́ ń sọ ibi tí ilé ti wá. Ẹrù inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e ni.

Ẹ rántí bí agbo ilé àtijọ́ ṣe rí. Àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, òpó gbé etí òrùlé dúró, yàrá wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ògiri amọ̀ nípọn. Yàrá ṣókùnkùn, ó sì tutù, torí oorun àti ẹrù ni wọ́n fi yàrá ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń ran òwú, ibẹ̀ náà ni ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ rí àti àwọn ọmọ wọn, dé sí Èkó láti Brazil àti Kúbà, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tiwọn dání: fèrèsé onígi gíga tó ṣeé ṣí pátápátá, òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọnà sí lórí, àwọ̀ tó tutù lójú. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894 wà lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ tí a ṣì ń rí. Nígbà tí owó kòkó wọlé, irú iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò fi kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn ní Ìjẹ̀bú, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Iléṣà. Ogún yín ni méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ògiri amọ̀ àti koríko nìkan ni ilé Yorùbá, kò tíì wo àyíká rẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ gbé inú ilé náà. Ó dára kí ẹ rí òjò nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí ọyẹ́. Ní Ìbàdàn, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹwàá, tí yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń wá. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀, pẹ̀lú eruku. Ẹ wo yàrá tó máa ń gbóná jù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: yóò jẹ́ èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ wo ibi tí òjò ti ń fẹ́ wọlé. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ yín ti máa ń dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba atẹ́gùn. Ohun tí ẹ bá rí lásìkò yìí yóò gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó tí kò wúlò.

Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú, láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí ọ̀dà bá ti ń bó níbẹ̀, tí lẹ́búlẹ́bú funfun kan sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri yẹn. Iyọ̀ ni lẹ́búlẹ́bú náà. Omi ń gbé e jáde láti inú ilẹ̀ àti inú sìmẹ́ǹtì; tí omi bá ti gbẹ dànù lójú ògiri, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á sì máa ti ọ̀dà síta. Mo ti rí i nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún kí oníbàárà tó dé, tí gbogbo rẹ̀ sì ṣí kí ọdún tó yí po. Ohun tó máa ń fà á ni pé wọn kò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ògiri nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, tàbí pé kọnkéré tí wọ́n dà sí àyíká ilé ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, tàbí pé páànù kò ní gọ́tà, tí òjò ń ta sí ìdí ògiri. Nígbà míràn páìpù ilé ìwẹ̀ ló ń jò. Ẹ wá ohun tó fà á kí ẹ tó tún un ṣe: ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ìta kúrò lára ògiri, ẹ fi gọ́tà sí i, ẹ gé rírẹ́ tó ti bàjẹ́ kúrò kọjá ibi tí omi gùn dé, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tó tún un rẹ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kò dùn ún fi han àlejò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́ adìrẹ tó dára jù lọ sára ògiri tó tutù, èéhù ni yóò fi í ṣe ilé.

Ẹ má fọ́ táìlì yẹn. Fífọ́ táìlì gbogbo ilé kì í dúró lórí táìlì nìkan: sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ á bá a lọ, ẹnu ilẹ̀kùn á bàjẹ́, eruku á wọ inú gbogbo ohun tí ẹ ní, owó tí ẹ ìbá fi ṣe fèrèsé á sì tán síbẹ̀. Ìṣòro táìlì funfun ni pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú ènìyàn. Bí ẹ bá ti tẹ́ ẹní ńlá sábẹ́ àga, tí ẹ lo ọ̀dà tí kì í dán sára ògiri, tí ẹ sì gbé iná wá sílẹ̀ kúrò ní òkè, ẹ kò ní rí táìlì náà mọ́ bí ẹ ṣe ń rí i báyìí. POP bákan náà: bí kò bá jò, tí kò sì là, ẹ yọ àwọn iná aláwọ̀ búlúù àti pupa tí wọ́n kì sínú rẹ̀, ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní funfun tí kì í dán, ẹ fi í sílẹ̀. Yíyọ ọ́ ń tú wáyà síta, ẹ kò sì mọ irú páànù àti igi tí ẹ ó bá lókè.

Ibi tí mo fẹ́ kí owó yín lọ ni iwájú ilé àti fèrèsé. Bí ilé yín bá ní bàráńdà, kódà kó jẹ́ kékeré tí wọ́n ti fi irin dí pa, òun ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ yọ síta tó kí òjò má baà fẹ́ dé orí àga. Ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà máa ń tó. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì pupa tàbí terrazzo (sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, tí wọ́n wá lọ̀ kó dán) ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́ ìjókòó gbọọrọ kan mọ́ ara ògiri, irú pèpéle tí àwọn bàbá wa máa ń jókòó lé níwájú ilé, kí ó fẹ̀ tó kí àgbàlagbà lè na ẹsẹ̀ lé e. Bí bàráńdà kò bá sí rárá, ẹ bi ẹni tó mọ iṣẹ́ bóyá ògiri iwájú lè gba òrùlé kékeré láìsí ewu. N kò lè fi ẹnu sọ ìyẹn láti ibi tí mo wà, torí n kò rí ìpìlẹ̀ ilé náà. Ní ti fèrèsé, irú gíláàsì tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Ẹ mú fèrèsé tó wà ní ojú atẹ́gùn àti èyí tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì yàrá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọn yẹn sí onígi tó ń ṣí tán, tó ní ìlà-ìlà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá nígbà tí ẹ bá tì í pàápàá, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti irin sí i láti inú. Àwọn tó kù lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń wó ilé àwọn Àgùdà àti pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ta irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀. Igi wọn sábà máa ń gbó dáadáa, ó sì ń dùn mí nígbà gbogbo pé ilé wó kí a tó rí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó Ìlọ́jọ̀ Bar, ọ̀kan lára ilé àwọn Àgùdà, ní gbàgede Tinúbú ní Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá rí fèrèsé irú ilé bẹ́ẹ̀ rà lọ́nà tó tọ́, ẹ rà á.

Àwọ̀ ògiri kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Funfun tó ní àmúlùmálà ìyeyè díẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù, pupa ilẹ̀ amọ̀ fún ògiri kan tàbí fún ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹrẹ̀ ń kàn. Dúdú aró àti àwọ̀ igi á wá láti ara aṣọ àti àga. Ẹ má lo ju bẹ́ẹ̀ lọ ní pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ń yí ilé padà jù pẹ̀lú owó tó kéré jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ jù. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà ní adìrẹ lónìí. Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́ gan-an: oníko, tí wọ́n fi ìko dì tàbí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán kí aró má baà wọ ibẹ̀, àti ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ya ọnà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ gbágùúdá, bóyá wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà á tàbí wọ́n fi páànù tí wọ́n gé lọ́nà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá rì í sínú aró tí wọ́n fi ewé èlú àti omi eérú ṣe, wọ́n á gbé e síta kí atẹ́gùn kàn án, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Èkejì ni èyí tó pọ̀ jù ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta: ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe òun náà, àmọ́ aró òyìnbó ni, àbẹ́là ni wọ́n sì sábà ń lò dípò ẹ̀kọ, nítorí náà ó ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀, kí wọ́n ṣáà má tà á fún yín ní owó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí kò sí aláró kankan tó fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí aṣọ sí ẹ̀yìn. Aró máa ń wọ inú òwú. Ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ tilẹ̀ lè dúdú ju iwájú lọ, torí ojú kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ sí. Ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣì, ọ̀dà kò dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ tún mú ọnà kan náà níbi méjì lára aṣọ, ẹ fi wọ́n wé ara wọn: ti ọwọ́ kì í dọ́gba géérégé, bó ti wù kí aláró mọ iṣẹ́ tó.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Ìbàdàn ni ẹ wà, ẹ wá Ìbàdàndùn. Ẹlẹ́kọ ni, onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín ojú rẹ̀ sí, ọnà ọ̀tọ̀ sì wà nínú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo èyí tó ní òpó tó dúró gbagidi ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú ṣíbí láàárín: òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 nìyẹn. Àwọn obìnrin aláró rí ilé ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí òkè ní ìlú wọn, wọ́n sì yà á sára ìró. Bákan náà ni ọnà adìrẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Jùbílì ṣe jáde ní àsìkò àjọyọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Ìró ẹlẹ́kọ àtijọ́ máa ń ní ìránpọ̀ láàárín, torí abala méjì oníyáàdì méjì àbọ̀ ni wọ́n ń rán papọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àbùkù ni ìránpọ̀ yẹn. Ẹyọ kan irú rẹ̀, tí ẹ na sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ sì kọ́ sí ògiri tó gbẹ tí oòrùn kò dé, á ṣe pálọ̀ lóore ju àwòrán mẹ́wàá lọ. Ẹ má fi í ṣe kọ́tìnì sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, yóò ṣì. Bí ẹ bá fẹ́ adìrẹ ní kọ́tìnì dandan, ẹ ra oríṣi kejì, kí ẹ fi aṣọ funfun gbè é lẹ́yìn. Ẹ má sì fi bo àga láìjẹ́ pé ẹ ti fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, nítorí aró tuntun máa ń wọ aṣọ funfun àlejò.

Aṣọ-òkè ní tirẹ̀, àwọn oníbàárà mi sábà máa ń fẹ́ fi ṣe ìbòrí àga, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, tí wọ́n wá ń rán pọ̀. Bí ènìyàn bá ń jókòó lé e lójoojúmọ́, ojú ìránpọ̀ yẹn á máa ya. Èyí tí wọ́n hun òwú dídán mọ́ tún máa ń họ ara. Ẹ fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta ti ẹtù (aláwọ̀ aró) tàbí ti sányán (aláwọ̀ ilẹ̀) tẹ́ àárín tábìlì ìjẹun, tàbí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fi àlàárì, èyí tó pupa, pamọ́ fún ọjọ́ àríyá. Ní Ìsẹ́yìn, bí ẹ bá sọ fún ahunṣọ pé ilé ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ó lè hun ún fún yín láìsí òwú dídán. Bí ó bá jẹ́ àga dandan ni ẹ fẹ́ bò, ẹ béèrè kíjìpá, èyí tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró. Ó nípọn, abala rẹ̀ fẹ̀, ó sì le.

Ó kan ọ̀rọ̀ ère, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkọ yín kò ṣe àṣejù. Ilé ni ibi tí ọkàn ènìyàn gbọ́dọ̀ ti balẹ̀, ère tó bá ń dẹ́rù ba ẹnì kan nínú ilé kò lẹ́wà nínú ilé yẹn, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére. Àmọ́ ẹ lè jọ sọ ọ́ pé gbogbo igi gbígbẹ́ kọ́ ni ère òrìṣà. Àwọn agbẹ́gi wa gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbẹ́ òpó, wọ́n gbẹ́ àpótí ìjókòó àti ọpọ́n, wọ́n sì gbẹ́ àgbẹ̀, ọdẹ, onílù, ẹlẹ́mu àti ẹlẹ́ṣin sára wọn. Làmídì Fákẹ́yẹ tó wá láti ìdílé agbẹ́gi ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tó tún kọ́ iṣẹ́ sí i ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ Bámidélé ọmọ Àrẹògún ní ilé iṣẹ́ tí àwọn fádà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1947, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbẹ́ fún ààfin. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí iṣẹ́ wà lára rẹ̀, tó jẹ́ ìtàn iṣẹ́ àti ìgbé ayé ènìyàn ló wà níbẹ̀, lè jẹ́ ibi tí ẹ̀yin méjèèjì yóò pàdé. Bí baálé yín bá ṣì kọ̀, ẹ gbé àpótí àti ọpọ́n wọlé, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ilé náà kò ní pàdánù nǹkan kan. Ohun tí èmi fúnra mi kì í gbà láti lò fún ọ̀ṣọ́ ni adé onílẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀kú egúngún. Wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń gbé.

Ilẹ̀kùn ààfin tí bùrọ̀dá yẹn ní, ẹ má rà á. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ló ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣeé ṣe kí òfin ti dé e. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti 1979, èyí tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀, ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe kí 1918 tó dé mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì ka èyí tí wọ́n ti lò rí fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ mọ́ ọn, tó bá ti ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà, kódà kó jẹ́ tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kàn lè tà á tàbí rà á láìgba ọ̀dọ̀ àwọn tí àjọ náà fọwọ́ sí. Yàtọ̀ sí òfin, irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í fi ààfin sílẹ̀ lásán. Ilẹ̀kùn tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí di òní. Ìtẹ́ ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí a ti pàdánù báyẹn pọ̀ tó. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá sì gbó, tí wọ́n kàn rì í mọ́ ilẹ̀, tí wọ́n fi èéfín rá a, tí wọ́n fi pólíìṣì bàtà pa á lára, owó gọbọi lẹ ó san lórí irọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ọwọ́ ènìyàn máa ń dì mú nígbà tó bá ń ṣí i: ibẹ̀ ló yẹ kó dán jù lára ilẹ̀kùn tó gbó lóòótọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, iṣẹ́ àná ni.

Agbẹ́gi tó wà láàyè ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Igi ìrókò tàbí àpá dára fún ilẹ̀kùn ìta torí ikán kì í tètè jẹ wọ́n. Ọmọ rọrùn fún gbígbẹ́, àmọ́ inú ilé ni kí ó wà. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ti la igi náà. Igi tútù tó bá wọ yàrá tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́ yóò là, ọyẹ́ náà yóò sì là á bí amúlétutù kò bá là á. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun kíún-kíún lábẹ́ àpótí tàbí ìdí igbá, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lára igi yòókù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìkòkò láti Ìpetumodù tàbí Ìlọrin, igbá fínfín láti Ọ̀yọ́, ẹní: àwọn wọ̀nyí kò wọ́n, wọ́n sì dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìkòkò gbin òdòdó tàbí kí ẹ fi tọ́jú omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ kó èso sínú igbá. Pálọ̀ tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí lórí pẹpẹ dà bí ẹni tó wọ gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ ra iyọ̀.

Iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, ó sì lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Gílóòbù tó ń tàn funfun bíi ti ilé ìwòsàn máa ń sọ aró di eérú, ó sì ń mú kí igi rí bí òkú igi. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á: èyí tó ń tàn bíi ti àtùpà, tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí, ni ẹ fẹ́, kì í ṣe èyí tó funfun, tí wọ́n kọ 6500K sí. Ẹ fi iná kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àga àti sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì máa pa ti òkè ní alẹ́.

Ètò ìnáwó tí mo máa tẹ̀ lé bó bá jẹ́ ilé mi ni: omi ara ògiri, lẹ́yìn náà fèrèsé méjì yẹn àti bàráńdà, lẹ́yìn náà ọ̀dà àti iná, kí aṣọ àti igi wá tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, yàrá kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣeé ṣe kó gbà yín ní ọdún méjì. N kò rí ilé náà, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ wo ohunkóhun tó bá kan wíwó ògiri tàbí fífẹ fèrèsé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbà láti gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí káfíńtà wọn ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún ògiri ibẹ̀ rẹ́ tán, kí ẹ mú ìwọ̀n yẹn lọ bá agbẹ́gi, kí baálé yín sì bá yín lọ láti yan ohun tí wọn ó gbẹ́ sí i.